Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Lọ Gbẹ̀san Lára Ọba Aràn

Ẹ sún mọ́ ìdí igi yìí, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi, nítorí orúnkún tó ti rin igbó bíi tèmi kì í ká dáadáa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u. Ẹni tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n, ilé ìyàgbẹ́ wà lọ́hùn-ún. Ẹni tí mo bá rí tó yà sẹ́yìn ilé mi, èmi àti onítọ̀hún ni, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan rí, mo sì mú ẹran tó tóbi jù níwájú rẹ̀, kò lè fi mí ṣe nǹkan kan. Mo ti sùn ti ẹkùn rí, ẹkùn ló kọ́kọ́ dìde lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ọdẹ kan ló ni ín tó jù mí lọ, ẹ kò sì ní gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi mọ́ títí wọn yóò fi sin mí. Ọdẹ́rìndé lorúkọ rẹ̀, ará abúlé Ìdí-Apá ni. Ẹ̀san ló gbé e kúrò nílé, ẹ̀san ló gbé e dé ibi tí ẹlẹ́ran-ara kì í dé, bí ó sì ṣe rí ẹ̀san náà gbà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọdẹ́rìndé kì í gbàgbé ọ̀ràn. Ẹfọ̀n kan fi ìwo gún ajá rẹ̀ pa nígbà kan, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ló fi tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n yẹn, kò yìnbọn sí ẹran mìíràn títí ó fi rí i. Ó ní ìyàwó kan tó ń jẹ́ Ọyáníkẹ̀ẹ́, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọni lára. Ọmọ méjì ni Ọyáníkẹ̀ẹ́ bí fún un. Akínwándé ni àgbà, Àwẹ̀ró tó jẹ́ obìnrin ni àbúrò. Ìyá Ọyáníkẹ̀ẹ́ náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Àgbà.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ mú Akínwándé. Ó wú u ní gbígbẹ títí, ikọ́ náà tún lọ fúnra rẹ̀, gbogbo ilé sì gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ikùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síwájú. Ó ń jẹun bí àgbàlagbà, síbẹ̀ apá rẹ̀ rí tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì funfun. Àwọn ará Ìdí-Apá ń yìn ín pé ọmọ tó mọ oúnjẹ jẹ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ní abúlé náà nígbà náà fún yín. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ló bá aràn tirẹ̀ wáyé, pé aràn ní àpò kan tó ń gbé nínú ikùn, òun ló ń lọ oúnjẹ fún ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lé e jáde. Bí ọmọ bá jẹ nǹkan dídùn jù, àpò á kún, aràn á dà síta, wọn á wá fi ewé kíkorò pẹ̀tù sí i kó lè padà sáyè rẹ̀. Ìyá Àgbà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá.

Ní ọjọ́ tí wàhálà dé, eré ni Akínwándé ń ṣe lọ́wọ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Ikùn rẹ̀ le gbagidi. Ó bì, ó bì, títí ohun tó ń bì fi di àwọ̀ ewé. Kò lè yàgbẹ́, kò lè só. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n pẹ̀tù sí aràn, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé kì í pẹ̀tù sí ọ̀tá. Akèrègbè kan wà ní àjà rẹ̀, omi èèpo igi líle ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ọdẹ máa ń fún ajá wọn mu kí ìgbà ọdẹ tó wọlé. Ajá tó bá mu ún, kí oòrùn tó ràn dáadáa, aràn inú rẹ̀ á ti wà nílẹ̀. Ọdẹ́rìndé wò ó pé ohun tó dára fún ajá òun, tí òun fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, kò lè burú fún ọmọ òun. Ó bu ife kan. Akínwándé mu ún nítorí pé bàbá rẹ̀ ló ní kó mu ún. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ikùn rẹ̀ wú sókè, aràn funfun gígùn kan yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Ọdẹ́rìndé kò sunkún. Ó fi ìka mú aràn náà kúrò létè ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àdó, ó dé e. Aràn náà kò kú. Bó yí àdó sọ́tùn-ún, bó yí i sósì, ibì kan náà ni aràn ń kọjú sí, ìdí igi apá ńlá tó wà lẹ́yìn abúlé. Ọdẹ mọ ohun tó ń wá ilé rẹ̀. Ó lọ dúró níbi sàréè ọmọ náà, ó búra pé òun kò ní fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́ títí òun yóò fi pa ẹni tó rán nǹkan yìí sí ọmọ òun, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ẹrú.

Kó tó kúrò nílé, ó rí Àwẹ̀ró tó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ó gbé akèrègbè sọ̀kalẹ̀ lájà, ó fà á lé Ọyáníkẹ̀ẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ti Akínwándé, àwọn pẹ́ jù, ohun tí àwọn bù fún un sì kéré jù. Ó ní bí ikùn Àwẹ̀ró bá le, kó má dúró de ẹnikẹ́ni, kó bu àwo ńlá fún un, kó sì rí i pé ó mu ún tán. Ọyáníkẹ̀ẹ́ gbà. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn, ó fi ọ̀bẹ sínú àkọ̀, ó so àdó mọ́rùn, ó lọ.

Ihò kan wà lábẹ́ gbòǹgbò apá náà tí gbogbo ènìyàn rò pé ti òkété ni. Ó kó sínú rẹ̀, ó sì bọ́ sínú Igbó Èékánná. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí iwin olórí mẹ́ta, mo ti rí èyí tí kò lórí rárá, mo sì bá àwọn méjèèjì ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n èmi gan-an kò rí irú àwọn ti igbó yẹn rí. Ọwọ́ lásán ni wọ́n. Wọn kò lójú, wọn kò lẹ́sẹ̀, ìka ni wọ́n fi ń rìn, ohùn ń ti àtẹ́lẹwọ́ wọn jáde, èékánná wọn gùn, ilẹ̀ dúdú sì kún abẹ́ rẹ̀. Ohun tó wá burú jù nípa wọn ni pé wọ́n lawọ́. Bí Ọdẹ́rìndé ṣe yọ ni wọ́n pagbo yí i ká. Èyí ń bó máńgòrò fún un, èyí ń já iṣu sísun sí wẹ́wẹ́, èyí ń bó ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́. Ebi sì ń pa á. Olórí wọn, tó ń jẹ́ Ọwọ́-kò-mọmi, na iṣu sí i lẹ́nu.

"Jẹ ẹ́, ọdẹ," ni ó wí. "Ọmọ rẹ ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa rí."

Ohun tí Ọdẹ́rìndé gbọ́ yìí lé ebi lọ. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ń gé ìka wọn bí ẹni ń rẹ́ ilá. Ṣùgbọ́n ìka tó bá ti bọ́ sílẹ̀ á gbérí, á di ọwọ́ tuntun, á sì tún máa na iṣu. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń tì í, títí wọ́n fi tì í bọ́ sínú odò kan. Bí omi ṣe ta sí wọn lára ni wọ́n ká jọ, wọ́n kéré, wọ́n sì sá. Ọdẹ́rìndé rí i kedere pé omi ni wọ́n sá fún. Ìbínú kò jẹ́ kó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Ó la odò kọjá, ó ń bú wọn títí wọn kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ìlú Adúródìgbà ló wà ní òdì kejì odò náà. Ẹ ò tíì rí ìlú tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ibẹ̀ rí roboto, wọn kò nílẹ̀kùn, wọn kò ní fèrèsé, àwọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé. Ẹyin ni wọ́n. Nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan ni ọmọ aràn kan ti ká jọ, tó ń dúró. Ọdẹ́rìndé fi ìdí ìbọn gbá ọ̀kan, kò sán. Ó fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ yọ̀. Bàbá arúgbó kan tí ilẹ̀ ti bò dé àyà ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè. Ó béèrè ohun tó ń wá, Ọdẹ́rìndé sì sọ fún un pé òun ń wá ọba aràn, òun fẹ́ pa á. Inú bàbá náà dùn bí ẹni rí àlejò pàtàkì. Ó ní àwọn ará ìlú òun nìyí, òjò ń pa wọ́n, ọ̀gbẹlẹ̀ ń mú wọn, wọ́n sì lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀nà tó là fún wọn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá lọ sọ́dọ̀ ọba gbọ́dọ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ kan.

"Kí ló gba ẹ̀yìn ilé jáde," ni ó béèrè, "tó tún gba ẹnu padà wọlé?"

Ọdẹ́rìndé ronú, ó ní òfófó ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ń já lára rẹ̀. Ó bu ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e sí ọdẹ náà nímú pé kó gbóòórùn rẹ̀. Ewé tẹ̀tẹ̀ hù sórí ilẹ̀ náà, ó tutù yọ̀yọ̀. Ọdẹ́rìndé mọ òórùn ilẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Bàbá náà ṣí ibodè fún un, ó ní kó máa lọ, pé ìdáhùn ń dúró dè é níwájú.

Òkè kan ló tún kàn. Òkè Ikọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ aràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ń gun òkè náà lógìdìgbó, wọ́n kéré débi pé díẹ̀ ló kù kí ojú má rí wọn, Ọdẹ́rìndé sì ń gùn ún pẹ̀lú wọn. Òkè náà rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń wú, ó ń sọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mí. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, òkè náà wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni. Ọdẹ́rìndé mọ ikọ́ yẹn. Òun ló ń gbọ́ láti yàrá Akínwándé nígbà tí gbogbo ilé ń sọ pé ọyẹ́ ló fà á. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ẹkún ìbínú ni, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu òkè náà. Òkè náà tún wúkọ́, ó gbé òun àti àwọn ọmọ aràn sókè, ó dà wọ́n sí ọ̀fun kan, gbogbo wọn sì rọ́ lọ sísàlẹ̀.

Ibi tó bọ́ sí ni Ìlú Ọ̀nà-Kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń lọ́ sọ́tùn-ún, ó ń lọ́ sósì, kò ní oríta, ògiri rẹ̀ tutù, ó sì ń mì. Oúnjẹ ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà náà. Àwọn aràn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í sùn, ohun tó sì ń ṣẹ́kù lẹ́yìn wọn kò tó nǹkan. Láàárín ọ̀nà ni Ọba Ajẹnínú nà gbalaja sí. Kò lójú, kò lápá, ó sì gùn débi pé Ọdẹ́rìndé rìn títí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù rẹ̀ kó tó rí orí. Aràn inú àdó já ìdérí, ó fò bọ́ọ́lẹ̀, ó lọ fi ara ti ọba bí ọmọ tó ti oko dé.

Ọdẹ́rìndé sọ fún ọba náà pé òun ni bàbá Akínwándé, nítorí ó fẹ́ kó mọ ẹni tó máa pa á. Lẹ́yìn náà ó yìnbọn. Ọta ha ọba lọ́rùn, ó dá ọgbẹ́ dúdú sí i. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn aràn kò bá a jà rárá. Ara wọn ni wọ́n sá mọ́. Èyí wé mọ́ èyí, èyí kó sábẹ́ èyí, wọ́n lọ́ pọ̀ bí irun tí kò rí òòyà, wọ́n dí ọ̀nà níwájú rẹ̀, wọ́n dí i lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ tó ń ṣàn kò rí ibi gbà mọ́, ó ń ga sókè dé àyà ọdẹ. Ògiri ọ̀nà wú, ó le gbagidi. Lókè lọ́hùn-ún, ọmọ kan bú sí igbe.

Ọba Ajẹnínú sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó yó.

"O mọ ìbọn yìn, ọdẹ. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe yìn ín nígbà tí a wà nínú Akínwándé."

Ọdẹ́rìndé ní irọ́ ni, pé òun kò rí i rí.

"O kò rí mi. Ife lo fi yìn ín. A ti dí ọ̀nà ọmọ náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ṣì lè tú. Nígbà tí omi ajá rẹ dé, ó ta wá, a so mọ́ ara wa, a kò rí ìtú mọ́. Ṣé o kò mọ ohùn tó ń ké lókè yẹn ni? Ikùn Àwẹ̀ró lo dúró sí yìí. Ìyá rẹ̀ ti ń wá akèrègbè. Àwo ńlá lo ní kó bù."

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé ti rántí òórùn ilẹ̀ tí bàbá ẹnu ibodè gbé sí i nímú. Ilẹ̀ ààtàn ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni, níbi tí àwọn ọmọ ń lọ yàgbẹ́ sí láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣa máńgòrò tó já sílẹ̀, tí Ìyá Àgbà ti ń já tẹ̀tẹ̀ tó tutù jù lọ lábúlé. Ohun tó gba ẹ̀yìn ilé jáde ń gba abẹ́ èékánná padà sẹ́nu ọmọ, á gba àyà rẹ̀ tó ń wúkọ́ kọjá, á sì lọ gbé inú ikùn rẹ̀. Ó ti la igbó àti òkè kọjá láti wá ọ̀tá tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀.

Ó gbé ọ̀bẹ sókè. Igbe náà tún dún lókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Ọba náà ní kò sẹ́ni tó ń fi ìjà jáde níbẹ̀, pé ẹni tó bá fi àwọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́ nìkan ni àwọn máa ń dẹ̀ fún. Ọdẹ́rìndé sọ ọ̀bẹ sínú àkọ̀, ó sì dùbúlẹ̀ láàárín àwọn ẹni tó pa ọmọ rẹ̀. Kò jẹun, kò mu omi, kò mira. Ọba Ajẹnínú wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí Akínwándé ṣe kú. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe ń mí, ó sọ ibi tí ìfun rẹ̀ ti kọ́kọ́ já, ó sọ pé bàbá rẹ̀ ló ń pè nínú títí ẹ̀mí fi bọ́. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbé ẹkùn sílẹ̀ níwájú mi, mo máa bá a jìjàkadì. N kò lè ṣe ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn aràn dẹ̀. Àyè kékeré kan là, kò ju ohun tí ènìyàn lè fi àyà wọ́ kọjá. Ó ń wọ́ lọ títí orí rẹ̀ fi dé ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọba, ọgbẹ́ dúdú náà sì fi ara kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ wà ní ìbàdí rẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé ju kó fà á yọ lọ. Ó gé ètè ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

"Ọgbẹ́ mi wà lọ́rùn rẹ," ni ó wí. "Òun ni n ó fi dá ọ mọ̀."

Ó kọjá. Bí ó ṣe gba ọ̀fun padà dé Òkè Ikọ́ kò gba ìtàn. Òkè náà wúkọ́, ó sì sọ ọ́ síta sí ìdí igi apá. Ó sáré wọ abúlé. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, Ọyáníkẹ̀ẹ́ gbé Àwẹ̀ró lé itan, ikùn ọmọ náà le bí igi, àwo ńlá sì ti kan ètè rẹ̀. Ọdẹ́rìndé kò ní èémí tó máa fi pariwo. Ó sọ ìbọn lu àwo náà, àwo fọ́, omi ajá dà sílẹ̀. Ó gbé akèrègbè, ó là á mọ́ ògiri. Ọyáníkẹ̀ẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú, ó bi í bóyá ó fẹ́ kí ìkejì náà kú ni. Ọdẹ́rìndé pọn Àwẹ̀ró sẹ́yìn, ó di ọ̀já bí obìnrin, ó sì forí lé ọsibítù tó wà nílùú ńlá. Ó ti pẹ́ tí ọsibítù náà ti wà níbẹ̀; àfi ẹni tí ejò bá bù ṣán ni àwọn ará Ìdí-Apá máa ń gbé lọ síbẹ̀.

Dókítà obìnrin kan ló tẹ ikùn Àwẹ̀ró. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ kankan tó le. Ọyáníkẹ̀ẹ́, tó ti sáré tẹ̀ lé wọn, ní rárá, ọpẹ́lọpẹ́ bàbá rẹ̀. Dókítà náà mí kanlẹ̀, ó ní àwọn aràn ti so pọ̀, wọ́n ti dí ìfun ọmọ náà pa, pé ká ní wọ́n fi oògùn líle nà wọ́n nínú ipò yẹn ni, ìfun lè bẹ́. Wọn kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró jẹ, wọn kò jẹ́ kó mu. Rọ́bà gba imú rẹ̀ wọlé láti fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, omi sì ń gba apá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń retí kí ikùn náà rọ̀. Kò rọ̀. Dókítà pe àwọn òbí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àwọn máa ní láti la ikùn rẹ̀. Ọdẹ́rìndé jókòó síta lórí àga gbọọrọ, kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ọ̀bẹ, kò sì mọ ohun tí ènìyàn ń fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì gbé bàsíà kan jáde. Ó ní Àwẹ̀ró ti bọ́, ó ń sùn. Bàsíà náà kún fún aràn. Ọdẹ́rìndé tẹ̀ ba, ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí èyí tó gùn jù. Ọgbẹ́ dúdú wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bẹ nọ́ọ̀sì pé kó fún òun ní ẹyọ kan yẹn, ìyẹn rò pé orí rẹ̀ ti ń yí, ó sì dì í fún un.

Ó gbé e lọ sí ẹ̀bá sàréè Akínwándé. Ó to igi jọ, ó dáná, ó na Ọba Ajẹnínú lé e lórí. Ó sọ fún un pé Akínwándé ló ń sun ún, kì í ṣe òun. Inú rẹ̀ dùn. N kò ní purọ́ fún yín kí ẹ lè rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn gan-an bó ṣe ń rí i tó ń ká kò, tó ń dúdú, títí ó fi di eérú, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ eérú náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú iyọ̀ tó ti dì sápò, ó fi kan ahọ́n. Iyọ̀ náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí Ọyáníkẹ̀ẹ́ fi dé bá a. Obìnrin náà wo eérú, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ṣé o ti pa ẹni tó pa ọmọ mi?" ni ó béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìbá fi dáhùn, kó sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí ife yẹn ṣe nínú ikùn ọmọ wọn, àti ohun tí àwo ńlá ìbá ṣe.

"Mo ti pa ọ̀kan," ni ó wí. "Ìkejì ló dúró níwájú rẹ yìí."

Ọyáníkẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ tán. Kò bú u, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó wọlé lọ, ó gbé ọkọ́ jáde, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì kọjú rẹ̀ sí ààtàn ẹ̀yìn ilé.

"Ìkejì yẹn ni kó gbẹ́ ilẹ̀," ni ó wí.

Ọdẹ́rìndé gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbẹ́ ṣáláńgá tó jìn débi pé àkàbà ló fi ń jáde nínú rẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìdí-Apá. Ó fa gbogbo tẹ̀tẹ̀ orí ààtàn tu. Ó gbé ìkòkò omi àti ọṣẹ dúdú sẹ́nu ilé ìdáná rẹ̀, ó tún gbé e sẹ́nu ti àwọn ẹlòmíràn láì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá rí tó ń yà sínú igbó ẹ̀yìn ilé, á lé e pẹ̀lú pàṣán, bó jẹ́ ọmọdé, bó jẹ́ olóyè. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Kò bá wọn jiyàn. Ó ń kó àwọn ọmọ abúlé lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí wọ́n gba oògùn aràn nígbà tí ikùn wọn ṣì rọ̀. Ìyá Àgbà kò gbà pé kò sí àpò aràn nínú ikùn títí ó fi kú, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ nílé náà, nítorí Àwẹ̀ró. Ọdẹ́rìndé kò sì dá ẹ̀san náà dúró títí ó fi darúgbó. Bó bá jókòó síta tó rí ọmọ tó ń fi ọṣẹ ha abẹ́ èékánná, á mi orí, á sọ fún ara rẹ̀ pé òun tún ti pa ọ̀kan.

Àpá kan wà níkùn Àwẹ̀ró láti ọjọ́ tí wọ́n là á, ó ti ìdodo lọ sí ìsàlẹ̀. Mo mọ àpá náà dáadáa. Mo máa ń fi ìka tọ̀ ọ́ ní kékeré nígbà tí ìyá mi bá ń wẹ̀. Ìyá mi ni Àwẹ̀ró. Ikùn tí Ọdẹ́rìndé kọ̀ láti fi ọ̀bẹ gún nígbà tí ọ̀tá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni èmi tí ẹ̀ ń wò yìí ti wá.

Ẹnu mi ti gbẹ, iṣu sì ti jinná. Omi wà nínú ìkòkò yẹn, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ pa Ọba Ajẹnínú kí ẹ tó wá jẹun.